Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé Iléèwé: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Irinṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Láìda Ara Yín Láàmú

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé iléèwé ń bi mí ṣáá: "Irinṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ jù, èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń béèrè ti ṣí àkáǹtì síbi mẹ́fà, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà mẹ́rin nínú wọn, ìwé ńlá tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó yá ìwé sì ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀ bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ má fi irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń fi àkókò yín ṣòfò jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá irinṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè bá yín gbé e, kí ẹ sì lò ó títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn kí ẹ tó wo òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

## Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà

1. Ẹ fi bébà kan sórí tábìlì yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbàkígbà tí ẹ bá tún ṣe ohun tí ẹ ti ṣe láàárọ̀ tàbí lánàá, irú bíi wíwá ẹni tí ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ ohun náà síbẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà kan sí i.
2. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ka àwọn ìlà náà.
3. Èyí tí ìlà rẹ̀ pọ̀ jù ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn yòókù á dúró dè yín.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí:

- "Ta ni ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Àkọsílẹ̀ ìwé yíyá lórí Google Sheets, ìyẹn ojú ewé onílà àti òpó ti Google, ni ẹ nílò.
- "Ẹ bá wa wá ìwé kan tí kò sí lórí pẹpẹ." Fọ́ọ̀mù ìbéèrè ló kàn yín, àti ibi tí ìwé ọ̀fẹ́ wà.
- "Ṣé ẹ ní ìwé báyìí-báyìí?" Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀, níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn àkójọ gbogbo ìwé tí ẹ ní.

Nínú àwọn tí mo ti jókòó tì, ti àkọ́kọ́ ló ń yọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ níbẹ̀.

## Àkáǹtì: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ẹ má lo ímeèlì tara yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé yín lọ sí iléèwé mìíràn, gbogbo àkọsílẹ̀ á bá yín lọ, ẹni tó bá gba ipò yín á sì tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá iléèwé bóyá wọ́n ní àkáǹtì tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́. Bí kò bá sí, ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì ṣí ọ̀kan lọ́dọ̀ Google ní orúkọ ilé ìkàwé. Lẹ́yìn náà:

1. Fún ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ to ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan pọ̀. Ó gùn, ó rọrùn láti rántí, ó sì ṣòro fún ẹlòmíràn láti mọ̀ ju orúkọ iléèwé àti 123 lọ.
2. Ẹ tan 2-Step Verification. Òun ni yóò jẹ́ kí Google béèrè ohun kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.
3. Ẹ tẹ àwọn nọ́ńbà ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní backup codes jáde sórí bébà, kí ẹ sì tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Fóònù lè sọnù, ó lè jábọ́ sínú omi.
4. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lò ni, ẹ jáde nínú àkáǹtì kí ẹ tó dìde. Kí ẹ kàn pa ojú ewé dé kò tó.

## Àkọsílẹ̀ ìwé yíyá lórí Google Sheets

Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nítòsí. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò fún ìgbà àkọ́kọ́ yìí. Fóònù á ṣeé lò nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà ní ìtò.

1. Ẹ ṣí Google Sheets, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀ láti gba ojú ewé òfìfo, kí ẹ sì fún un ní orúkọ tó ní ọdún nínú.
2. Ní ìlà àkọ́kọ́, láti òpó A dé òpó G, ẹ kọ: Nọ́ńbà ẹ̀dà, Àkọlé, Akẹ́kọ̀ọ́, Kíláàsì, Ọjọ́ tó gbà á, Ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà, Ọjọ́ tó dá a padà.
3. Ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà Freeze, kí ẹ sì yan 1 row. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn á dúró sójú kan bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.
4. Ẹ tẹ lẹ́tà A tó wà lókè òpó àkọ́kọ́, kí gbogbo òpó náà lè mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sí Format, Number, kí ẹ yan Plain text. Ẹ má fo èyí o.
5. Ẹ lọ sí File, Settings, kí ẹ sì yan orílẹ̀-èdè yín níbi Locale. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 03/04 tí ẹ̀yin pè ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lè di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lójú kọ̀ǹpútà.
6. Nínú F2, ẹ tẹ: =IF(E2="","",E2+14). Ohun tó ń sọ ni pé bí kò bá sí ọjọ́ nínú E2, kí ó má kọ nǹkan kan. Bí ọjọ́ bá wà níbẹ̀, kí ó fi ọjọ́ 14 kún un. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ń yáni ní ìwé, ẹ fi 7 rọ́pò 14. Ẹ di igun àpótí náà mú, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé ìlà 1000.
7. Ẹ yan láti A2 dé G1000, ẹ tẹ Format, Conditional formatting. Níbi tí wọ́n ti béèrè irú òfin tí ẹ fẹ́, ẹ yan Custom formula is, kí ẹ sì tẹ: =AND($F2<>"",$F2<TODAY(),$G2=""). Ẹ mú àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ìlà ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tí kò sì tíì padà nìkan ni yóò pọ́n.
8. Ẹ fi ìwé mẹ́ta tí kì í ṣe òótọ́ dán an wò: ọ̀kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ọ̀kan tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, àti ọ̀kan tó pẹ́ ṣùgbọ́n tó ti padà. Àkọ́kọ́ nìkan ló yẹ kó pọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan òpó F, torí ibẹ̀ ni ìṣirò wà.

### Bí kò bá ṣiṣẹ́

- Òpó F ń gbé nọ́ńbà bíi 45000 jáde dípò ọjọ́: ẹ yan òpó náà, ẹ lọ sí Format, Number, Date.
- Ó ń sọ pé àṣìṣe wà nínú ìṣirò: ẹ fi semicolon (;) rọ́pò kọ́mà. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà ń retí bẹ́ẹ̀.
- Gbogbo rẹ̀ pọ́n, tàbí ìlà tó ń pọ́n kì í ṣe èyí tó yẹ: ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé àmì $, tàbí kó jẹ́ pé A1 ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàn dípò A2.

### Ìdí tí mo fi pariwo lórí ìgbésẹ̀ kẹrin

Kọ̀ǹpútà gbà pé ohunkóhun tó bá jọ nọ́ńbà, ìṣirò ni ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí ẹ bá kọ 00127, 127 ni yóò kù. ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdámọ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, náà ń jìyà rẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ISBN ti ní nọ́ńbà 13, tí 978 tàbí 979 sì ń ṣíwájú rẹ̀. Àwọn ìwé tó ṣáájú ìgbà náà ní nọ́ńbà 10, òmíràn ń fi òdo bẹ̀rẹ̀, òmíràn ń fi lẹ́tà X parí. Nígbà kan, mo tẹ ISBN odindi pẹpẹ kan sínú irú ojú ewé báyìí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo tún ṣí i, 9.78E+12 ni mo bá nínú gbogbo àpótí. Òpó náà ló kéré, nọ́ńbà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un tẹ̀. Àwọn tó fi òdo bẹ̀rẹ̀ ni òdo wọn ti lọ ní tòótọ́, n kò sì kíyè sí ìyẹn títí ọdún fi parí.

Ẹ má fi ISBN ṣe nọ́ńbà ẹ̀dà. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà márùn-ún ìwé kan náà, ISBN kan ṣoṣo ni márààrún jọ ní, ẹ ò sì ní mọ èyí tó wà lọ́wọ́ ta. Nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ lò.

### Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ẹ má ju ìwé ńlá àtijọ́ nù. Ẹ kọ ọ́ síbi méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó ń súni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà, tàbí pé olùrànlọ́wọ́ yín ń kọ kíláàsì lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ lè ti ìwé ńlá náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà gan-an. Google Sheets ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì nínú Chrome, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti tan Offline nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà.

### Ta ló lè rí i?

Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń kà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ẹ bá tẹ Share, ẹ má yan Anyone with the link láé. Ẹ kọ ímeèlì olùrànlọ́wọ́ yín síbẹ̀, kí ẹ fún un ní Editor. Olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ àwọn tí ìwé wà lọ́wọ́ wọn nínú kíláàsì rẹ̀, ẹ tẹ ti kíláàsì náà nìkan jáde fún un. Ẹ tún má gbé àwòrán orúkọ àwọn tí kò tíì dá ìwé padà sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí. Ẹ kọ̀wé sí òbí tí ọ̀rọ̀ kàn.

Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ lọ sí File, Version history, See version history, kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà láàárọ̀.

## Fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi béèrè ìwé

Èyí kò le. Pẹ̀lú Google Forms, kò gba ìdajì wákàtí.

1. Ìbéèrè mẹ́ta péré: àkọlé ìwé tàbí kókó tí ó ń wá, kíláàsì, àti ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ní parí rẹ̀.
2. Fún kíláàsì, ẹ lo Dropdown, kí wọ́n yàn dípò kí wọ́n kọ. Ẹ̀yin ni ẹ máa to ìdáhùn nígbà tó bá yá.
3. Níbi Responses, ẹ so ó mọ́ Sheets.
4. Ẹ fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí fóònù tí kì í ṣe tiyín, kí ẹ ṣí i níbẹ̀. Bí àkáǹtì yín bá jẹ́ ti iléèwé, fọ́ọ̀mù lè máa kọ ẹni tí kò ní irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹ ti ń yan ẹni tó lè dáhùn fọ́ọ̀mù náà ni ẹ ti máa tú u sílẹ̀.
5. Ẹ sọ líǹkì náà di QR code. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ lo Create QR Code tó wà nínú Chrome fúnra rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan lórí QR code: ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ń fi líǹkì tiwọn sáàárín. Bí ọjọ́ ìdánwò ọ̀fẹ́ bá parí, QR code á kú, bẹ́ẹ̀ ẹ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kà á láti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa dúró sí. Ẹ sì kọ líǹkì náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ kò dáa.

Ẹ má béèrè nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì tàbí ọjọ́ ìbí. Ẹ ò nílò wọn láti fi wá ìwé.

## Ibi tí ìwé ọ̀fẹ́ tó bófin mu wà

- Project Gutenberg: láti ọdún 1971 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìwé tó wà níbẹ̀ sì ti lé ní 70,000. Ìwé àtijọ́ ló pọ̀ jù. Òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń pinnu èyí tó ti di ti gbogbo ayé, nítorí náà ẹ wo òfin orílẹ̀-èdè yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.
- Open Library, tó wà lábẹ́ Internet Archive: ìwé kan wà tí ẹ lè kà tààrà, òmíràn ẹ máa yá a bí ẹni yá a ní ilé ìkàwé.
- StoryWeaver, tí Pratham Books dá sílẹ̀ ní 2015, àti African Storybook: ìtàn ọmọdé pẹ̀lú àwòrán, ní oríṣiríṣi èdè. Ẹ lè tẹ̀ wọ́n jáde, ẹ tilẹ̀ lè túmọ̀ wọn sí èdè yín. Bí mo bá ní ọmọ kékeré nínú iléèwé, ibí ni mo máa kọ́kọ́ lọ.
- Kiwix: fún ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbé dáa. Ẹ gba Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á láìsí dátà. Ẹ mú èyí tí kò ní àwòrán. Odindi ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ní àwòrán tóbi gan-an.

Ẹ máa wo àmì Creative Commons tó wà lára ohun tí ẹ bá gbà. BY ń sọ pé kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. NC ní kí ẹ má fi ṣòwò. ND ní kí ẹ má yí i padà, títúmọ̀ sì wà nínú yíyí padà.

Bí ẹ bá rí ìwé tuntun tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣì ń tà lórí ojúlé tí ẹ ò mọ olówó rẹ̀, tí wọ́n ní kí ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, olè ni. Ó sì ṣeé ṣe kí fáírọ́ọ̀sì wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà nìyí: wọ́n dáa fún àlàyé, wọ́n lè bá yín ro ìbéèrè fún eré ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí wọ́n dárúkọ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ń dá àkọlé àti òǹkọ̀wé sílẹ̀ tí kò sí níbì kankan, ó sì máa ń dún bí òótọ́. Ẹ wá a lórí WorldCat, ìyẹn àkójọ ìwé inú àwọn ilé ìkàwé káàkiri ayé, tàbí lórí Open Library ná.

## Bí ìwé bá ti pọ̀ ju ohun tí Sheets lè gbé

Ibí ni ọ̀rọ̀ kátálọ́ọ̀gì ti wọlé. LibraryThing àti Libib ń jẹ́ kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù ka bákóòdù ẹ̀yìn ìwé, kí àkọlé àti òǹkọ̀wé fúnra wọn jáde. Wọ́n tó ọ̀pọ̀ iléèwé. Koha tóbi jù wọ́n lọ: New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 2000 ni ilé ìkàwé àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ ó nílò sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí iléèwé yín kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí owó láti san fún un, ẹ fi Koha sílẹ̀ ná.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ṣe ìdánwò yìí kí ẹ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ ìwé sínú rẹ̀:

1. Ẹ fi ogún ìwé péré sí i, kí àwọn àtijọ́ tí kò ní bákóòdù wà nínú wọn.
2. Ẹ wo ohun tó gbé jáde. Ó sábà máa ń mú ẹ̀dà tí kì í ṣe tiyín, pàápàá ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ àti àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀.
3. Ẹ ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ jáde bíi CSV, ìyẹn irú fáìlì tí Sheets lè kà, kí ẹ ṣí i nínú Sheets.
4. Bí kò bá lè kó o jáde, ẹ má lò ó. Iṣẹ́ yín ni ó ń tì mọ́lé.

Nọ́ńbà Dewey, èyí tí ilé ìkàwé fi ń to ìwé ní kókó-kókó, tí wọ́n bá gbé wá lè gùn. Ìwé lórí ejò, 597.96 ni. Fún iléèwé kékeré, 597 pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta orúkọ òǹkọ̀wé ti tó láti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé.

## Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ tí kò fi ní sá lọ

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ kan fún sáà kan. Bí ẹ bá ń wo fídíò, ẹ dá a dúró lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ ṣe é. Ẹni tó wò ó tán kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ti gbàgbé ìdajì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ olùkọ́ kan gba máòsì lọ́wọ́ yín, kó sọ pé "ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é kíákíá, mà." Yóò ṣe é lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún máa pè é. Ẹ ní kó jókòó, kó máa sọ ọ́ lẹ́nu, kí ọwọ́ yín máa ṣe é. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ sínú ìwé ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara yín, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìwé yẹn kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ràn yín lọ́wọ́. Ibi tí ó bá ti dúró béèrè ni ibi tí ẹ fò.

## Kí ẹ tó tilẹ̀kùn fún ìsinmi

- Ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà: File, Download.
- Ẹ pa fọ́ọ̀mù dé, kí ìbéèrè má wọlé nígbà tí kò sẹ́ni tó máa dáhùn.
- Ẹ wo Share: ẹni tó ti kúrò ní iléèwé, ẹ yọ orúkọ rẹ̀.
- Ẹ tẹ orúkọ àwọn ìwé tó pọ́n jáde, kí ẹ fún olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.
- Bó bá jẹ́ òpin ọdún, ẹ ṣe ẹ̀dà tuntun pẹ̀lú Make a copy, ẹ fi ìwé tí kò tíì padà nìkan sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì yí ọdún tó wà nínú orúkọ rẹ̀ padà.